Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Nínú Àpò Mi

Ẹ wọlé, ẹ gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀ yín.
Ilé rẹ̀ tí ẹ ń wá kọ́ nìyí,
èkejì ni, èyí tí wọ́n kùn ní funfun báyìí,
tí wọ́n ń gba dọ́là mẹ́jọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
Láyé Drusilla Penhallow, kò sí ọ̀dà lára rẹ̀,
afẹ́fẹ́ òkun ti lá a tán bí ewúrẹ́ ṣe ń lá iyọ̀.

Èmi Elbridge ni mo pín lẹ́tà ní èbúté Tolman
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, orúnkún mi jẹ́rìí.
Kí ẹ tó mọ orúkọ rẹ̀ ni mo ti mọ òórùn rẹ̀:
òórùn ẹja. Ilé iṣẹ́ sàdíìnì ló ti ń bẹ́ orí ẹja
láti ìgbà tí fèrè bá ti dún ní kùtù
títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi gan bí igi.
Ìka rẹ̀ kan ò pé.
"Ọ̀bẹ ò mọ ẹni tó ń kọ̀wé," ló wí fún mi.

Lálẹ́, ẹ̀yìn bébà pupa tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ agolo
ló ń kọ ìtàn sí.
Mo máa ń rí iná àtùpà rẹ̀ bí mo bá ń ti ilé ọtí bọ̀;
mo ń mu ún nígbà náà, n kò ní purọ́.
Àwọn ará ìlú ní orí rẹ̀ dàrú:
obìnrin tí kò lọ́kọ, tí kò lájá,
kí ló ń bá bébà wí títí ilẹ̀ fi ń mọ́?

Ó di ìwé náà, ó gbé e fún mi.
Mo fi í ránṣẹ́ sí Boston; Boston dá a padà.
Mo fi í ránṣẹ́ sí New York; New York dá a padà
ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, mi ò kà á mọ́.
Èjìká mi ló mọ bí ìrètí ṣe wúwo tó.
Yóò gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ tó ti sùn,
yóò ní, "Elbridge, ṣé òtútù ò mú ọ jù?"
Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Lóṣù Èrèlé, òkun gbé Asa, àbúrò rẹ̀.
Ọkọ̀ padà, Asa ò padà.
Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin pósí tó ṣófo
ni lẹ́tà kan dé láti New York,
tín-ín-rín, kò ju ewé kan lọ.
Mo ní, ọ̀tẹ̀ yìí wọn ò tilẹ̀ dá ìwé rẹ̀ padà,
wọ́n ti jù ú síná, èébú ni wọ́n fi ránṣẹ́.
Ta ni yóò tún na ẹni tó ti ṣubú?
Mo ki lẹ́tà náà bọ ìsàlẹ̀ àpò,
mo gbé e kiri fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ìjọba lè tì mí mọ́lé fún un. Mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, oúnjẹ kọ̀, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi.
Mo nà án sí i. Ó ya á, ó kà á.
Ó wo ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀, ó wo ojú mi.
Wọ́n ti gba ìwé náà.
Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó tètè dáhùn.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó tún padà di ẹ̀rín,
ó wá bu ọbẹ̀ ẹja fún mi.
Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ ti ka ìwé rẹ̀ kejì, àbí?
Ẹ rántí ibi tó ti kọ ọ́ pé,
"Ọkùnrin kan gbé ayọ̀ mi pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án
kí ọ̀fọ̀ mi lè rí àyè jókòó."
Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti yunifásítì dé, wọ́n ní Ikú ni ọkùnrin náà.
Òmíràn ní Ọlọ́run ni.
Ọ̀kan tó wọ jígí ní àkókò ni,
ó sì fi ogójì ojú ewé ṣàlàyé.
Mo po kọfí fún wọn, n kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ni mo sọ fún,
torí nígbà tí ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ tó béèrè ilé rẹ̀,
ẹ bi mí bóyá òtútù ò mú mi jù.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ilẹ̀kùn yẹn dé dáadáa.
Afẹ́fẹ́ òkun ń wọlé.